Ẹ Má Pa Orúkọ Ẹni Tó Lọ Rẹ́ Mọ́ Ọmọ Lẹ́nu

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ ní bòńkẹ́lẹ́ ni. Bí bàbá bá kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé tí kò padà mọ́, tàbí tí ìyá bá gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, àwọn àgbà a pé jọ. Wọn a sọ ti owó, wọn a sọ ti ilé, wọn a sọ ti ẹni tí ó jẹ̀bi. Ọmọ tí ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá bèèrè, ọ̀kan nínú èsì méjì ni yóò gbà. Wọn a ní, "Wọ́n ń bọ̀ láìpẹ́," nígbà tí wọ́n mọ̀ pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Tàbí kí wọ́n ní, "A kò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ yẹn mọ́ nínú ilé yìí."

Ní tiwa, èsì méjèèjì yìí máa ń dá ọgbẹ́ mìíràn lé orí ọgbẹ́ tí ọmọ náà ti ní tẹ́lẹ̀. A kò sọ èyí láti orí lásán. Ìtàn wà fún un, ìtàn náà kò sì jìnnà sílé.

Ilẹ̀ Ìkirè àti Àpòmù mọ ọ̀rọ̀ òbí àti ọmọ tí ó pínyà ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ. Lónìí, Ìkirè ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù sì ni ti Ìṣọ̀kan. Dòdò ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò fi mọ Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àpọ́njù tí a dín títí tí ó fi dúdú (ẹni tí kò bá tíì tọ́ ọ wò rí, àánú rẹ̀ ṣe wá). Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọjà Àpòmù ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Níbi tí ọjà bá sì ti tóbi tó bẹ́ẹ̀, olè kì í jìnnà síbẹ̀. Olè ti Àpòmù kì í sì í ṣe olè ẹrù nìkan, wọ́n ń jí ènìyàn gbé tà.

Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé nígbà tí Awólẹ̀ kò tíì jọba, ó ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣòwò ní Àpòmù. Baálẹ̀ ìlú náà ní kí wọ́n nà án, nítorí àṣẹ Ọ̀yọ́ ni pé kí a má ṣe ta ọmọ Ọ̀yọ́ lẹ́rú níbẹ̀. Nígbà tí Awólẹ̀ wá di Aláàfin, kò gbàgbé ẹgba yìí, ó ní kí ogun lọ ja Àpòmù. Baálẹ̀ sá lọ sí Ifẹ̀, nígbẹ̀yìn ó pa ara rẹ̀ kí ìyà má bàa jẹ àwọn ènìyàn nítorí tirẹ̀. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí. Ohun tí ó mú wàhálà bá a ni pé ó jẹ́ kí òfin tó ń dáàbò bo àlejò ọjà mú ẹni ńlá.

Lẹ́yìn ikú Awólẹ̀, àṣẹ Ọ̀yọ́ kò rinlẹ̀ mọ́, ìjínigbé sì pọ̀ sí i. Onìkòyí àti Tóyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kí ó bá wọn dá a dúró. Òwu gbé ogun lọ bá Àpòmù, Ìkirè àti àwọn ìlú mìíràn tó wà lábẹ́ Ifẹ̀ ní agbègbè náà. Inú bí Ifẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìjà kan tún bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà Àpòmù lórí ataare, láàárín àwọn ará Òwu àti Ìjẹ̀bú. Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ para pọ̀, wọ́n dóti Òwu fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlú náà sì tú ní nǹkan bí 1822. Ẹ wò ó o: ogun tí wọ́n ní àwọn ń jà kí a má jí ọmọ gbé mọ́ ni ó wá sọ àìmọye ọmọ di aláìlóbìí.

Ohun tí ó ń lọ lọ́kàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú ìtàn ogun, nítorí orúkọ ọba àti balógun ni ìtàn ogun máa ń kà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbà náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1837. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, ará Ọ̀ṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther lẹ́yìn ọ̀la. Ní 1821 ni ogun wọ ìlú wọn, ní òwúrọ̀, nígbà tí wọ́n ń dáná oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́. Àjàyí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá lọ. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé, ó ní kí wọ́n máa sá lọ, ó sì padà sójú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tí ọmọ náà fojú kan bàbá rẹ̀ nìyẹn. A kò ní fi pamọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa pé Mùsùlùmí wà lára àwọn tó ko ìlú náà. Ìtàn tí a bá ń sọ fún ọmọ, àti ìtàn tí a bá ń sọ fún ìlú, bí a bá yọ apá tó korò kúrò nínú rẹ̀, kò wúlò mọ́.

Wọ́n pààrọ̀ Àjàyí fún ẹṣin. Wọ́n tún tà á fún ẹlòmíràn, títí tí ó fi dé ọwọ́ àwọn Potogí ní Èkó. Nígbà kan láàárín rẹ̀, ó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé nínú oko ẹrú, wọ́n jọ wà fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó tún yà wọ́n. Lẹ́yìn ìyapa kejì yìí ni ìrẹ̀wẹ̀sì dé bá a, tí kò lè jẹun mọ́, tí ó tilẹ̀ ń gbèrò láti pa ara rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Àwọn tó ní i kò lè rí ju ẹrú tí kò níláárí lọ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn kúrò nílé ṣe ń di "olóríkunkun" tàbí "ọ̀lẹ" lẹ́nu tiwa náà. Ní oṣù kẹrin 1822 ni wọ́n kó Àjàyí sínú ọkọ̀ ojú omi, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà wọ́n sílẹ̀, tí wọ́n kó wọn lọ sí Freetown. Kò gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní gbogbo ọdún tí ó fi wà lókèèrè.

Ní ti ọjà tí a ti ń ta ọmọ ọlọ́mọ, àwa Mùsùlùmí ní ìtàn kan tí ó ti pẹ́ ju ti Àpòmù lọ. Zaid ọmọ Haritha jẹ́ ọmọdé nígbà tí ó bá ìyá rẹ̀ lọ kí àwọn ará ilé ìyá, tí àwọn akónilẹ́rú sì gbé e lọ. Wọ́n tà á ní ọjà Ukaz, ó sì dé ilé Khadijat ní Mẹ́kà. Bàbá rẹ̀ ń wá a kiri. Nígbà tí ó gbọ́ ibi tí ó wà, òun àti àbúrò rẹ̀ kó owó ìràpadà dání, wọ́n wá bá Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kí jíjẹ́ òjíṣẹ́ tó dé bá a. Ànọ́bì kò gba owó. Ó ní kí ọmọ náà yan ẹni tí ó bá fẹ́. Zaid ní òun kò lọ mọ́. Ànọ́bì mú un lọ sí Káábà, ó sọ ọ́ di ọmọ rẹ̀ ní gbangba, inú bàbá tó bí i náà sì rọ̀.

Ibi tí ìtàn yìí máa ń parí sí lẹ́nu ọ̀pọ̀ oníwàásù nìyẹn, ṣùgbọ́n ibi tó wúlò jù ṣì wà níwájú. Àwọn ènìyàn ń pè é ní Zaid ọmọ Muhammad fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ̀dínà, nínú Súrà Ahsab, àyà karùn-ún, pé kí a máa fi orúkọ bàbá tó bí ọmọ pè é. Ó tún di Zaid ọmọ Haritha. Ta ni ì bá tún jẹ́ bàbá tó dára fún ọmọ ju Ànọ́bì lọ? Síbẹ̀, a kò fi orúkọ rẹ̀ bo ti Haritha mọ́lẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nílé Ànọ́bì, àṣẹ wo ni ìyàwó ilé, ìyá àgbà tàbí bàbá tuntun ní láti pa orúkọ ẹni tó lọ rẹ́ mọ́ ọmọ lẹ́nu?

Ànọ́bì fúnra rẹ̀ mọ adùn àti ìkorò rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Abdullah, ti kú kí wọ́n tó bí i. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ìyá rẹ̀, Aminat, kú lọ́nà ìrìn-àjò ní Abwa. Ẹni tó mú un padà dé Mẹ́kà ni Baraka, ẹrúbìnrin ará Habaṣa tí a mọ̀ sí Umm Ayman. Ó dé ọwọ́ bàbá àgbà, bàbá àgbà kú nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó bọ́ sọ́wọ́ Abu Talib, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ilé ń yí padà, ṣùgbọ́n Umm Ayman kò kúrò nínú ayé rẹ̀. Ó dàgbà tán, ó ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin yìí bí ìyá. (Zaid tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà ni ó fẹ́ Umm Ayman nígbẹ̀yìn, tí wọ́n bí Usama.) Ẹnì kan ṣoṣo tí kò yẹsẹ̀ lè gbé ọmọ dúró. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ẹni ńlá.

Àwọn baba wa náà kò ṣàì mọ èyí. Nínú agbo ilé, ìyá tó lọ kò mú oríkì rẹ̀ lọ. Láàárọ̀, bí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ, yóò ki í ní ti ilé bàbá, yóò ki í ní ti ilé ìyá, ì báà jẹ́ pé ìyá náà ti wà nílé ọkọ mìíràn. Orúkọ pàápàá máa ń sọ òtítọ́ náà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà ní ìrìn-àjò nígbà tí wọ́n bí i, Bídèmí ni yóò máa jẹ́. Gbogbo ẹni tó bá pè é ń jẹ́rìí pé bàbá kò sí nílé, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n a kò ní gbé gbogbo àṣà sórí bí ẹyin. Orúkọ kan wà tí à ń jẹ́ Babárímisá, fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ní kété tí a bí i. Èyí kò dùn mọ́ wa rárá. Ó gbé ẹ̀bi lílọ bàbá lé orí ìkókó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí ọmọdé tí òbí rẹ̀ lọ máa ń rò nínú ara rẹ̀ nìyẹn: pé bóyá èmi ni mo ṣe é, bóyá nítorí pé mo fọ́ àwo, bóyá nítorí pé n kò mọ ìwé.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, kóòtù ìbílẹ̀ dé, pàápàá lẹ́yìn òfin 1914. Ó wá rọrùn fún obìnrin láti jáde nílé ọkọ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí wọ́n bá ti dá owó ìdána padà. A kò bẹnu àtẹ́ lù ú, nítorí inú ìyà ni òmíràn ti jáde. Ṣùgbọ́n bí àṣà bá ti wí, bàbá ló lọmọ, nítorí náà ìyá a máa lọ, ọmọ a sì dúró. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ṣẹ̀ríà wí. Ní ọ̀nà Maliki tí àwọn àáfà wa ń tọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin yóò wà títí yóò fi bàlágà, ọmọbìnrin títí yóò fi wọ ilé ọkọ, bí ìyá kò bá sì lè ṣe é, ìyá ìyá ló kàn. Bàbá ni yóò máa bọ́ wọn. Súrà Bákárà, àyà 233, sì kọ̀ ọ́ pé kí a fi ọmọ ni ìyá lára tàbí kí a fi ni bàbá lára. Ní Ìwó, tí kò jìnnà sí Ìkirè, Olúwòó Mọ́mọ́dù Lámúyè lo ṣẹ̀ríà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bẹ́ẹ̀ náà ni Tìmì Àbíbù Lágúnjú ní Ẹdẹ. Òfin ìbílẹ̀ ni kóòtù ìjọba wá tẹ̀ lé lẹ́yìn wọn. Síbẹ̀ náà, adájọ́ lè sọ ibi tí ọmọ yóò máa sùn. Ohun tí a ó máa sọ fún un kí ó tó sùn, kò sí kóòtù tó ń dájọ́ ìyẹn.

Ìjà kọ́ ló ń gbé gbogbo òbí lọ. Owó náà ń gbé wọn lọ. Ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ ṣòwò ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn bàbá kan dé sílé tí ọmọ wọn kò mọ ojú wọn rí, àwọn mìíràn sì fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ sí Abidjan láti ìran dé ìran, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń dàgbà lọ́wọ́ ìyá àgbà nílé. Ní Ìlú Ọba, láti 1955, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í polówó nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ń wá òyìnbó tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń kàwé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló gba ọ̀nà yìí. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí ní 1967, wà lára wọn, ó sì ṣe fíìmù kan tí ó pè ní Farming lórí rẹ̀ ní 2018. Òun kò pè é ní ìtọ́jú tó dára. Òbí rẹ̀ lè ti rò pé nítorí ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ ni. Ọmọ kò mọ ọjọ́ ọ̀la, alẹ́ òní ló mọ̀.

Ogun kan náà ló la ojú àwọn òyìnbó sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹsàn-án 1939, wọ́n kó nǹkan bí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ènìyàn, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, kúrò ní London àti àwọn ìlú ńlá kí bọ́ǹbù má bàa pa wọ́n. Anna Freud àti Dorothy Burlingham, tí wọ́n tọ́jú àwọn ọmọ ogun yìí, rí i pé kíkúrò lọ́dọ̀ ìyá ń da ọmọdé láàmú ju bọ́ǹbù lọ. Ní 1951, John Bowlby kọ ìwé fún àjọ ìlera àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, James Robertson, ya fíìmù ọmọ ọdún méjì kan tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn láìsí ìyá rẹ̀, ní 1952. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ yóò kọ́kọ́ ké, yóò sì máa wá ojú òbí. Lẹ́yìn náà ni yóò rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́yìn náà ni yóò dákẹ́, yóò máa ṣeré, àwọn àgbà yóò sì ní, "Ó ti gbàgbé." Kò gbàgbé. Ó ti ilẹ̀kùn ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá wà lọ́wọ́ yín lónìí, ẹ pe ọmọ náà jókòó, kí ìyá tàbí bàbá tó kù sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ó má jẹ́ ọmọ aládùúgbò ni yóò sọ fún un. Ẹ sọ ìwọ̀n tí ọjọ́ orí rẹ̀ lè gbé: "Bàbá rẹ kò gbé níbí mọ́. Ìwọ kọ́ lo ṣe é. N kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò wá." Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́, ẹ má dá ọjọ́. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ọmọ fẹ́ mọ̀ kì í ṣe ẹjọ́ rárá, ohun kéékèèké ni: ta ni yóò máa mú mi lọ sí ilé-kéwú, ta ni yóò san owó ilé-ìwé, ṣé ẹ̀yin náà yóò lọ? Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ìbéèrè gan-an, bí kò bá tilẹ̀ là á lẹ́nu. Ẹ dá a lóhùn kí ó tó bèèrè. Bí ọmọ tó ti ń dìde fúnra rẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní, ẹ má nà án, ìbẹ̀rù ni. Ẹ jẹ́ kí tíṣà rẹ̀ àti àáfà rẹ̀ gbọ́, kí wọ́n má bàa fi pàṣán wo ohun tí pàṣán kò lè wò. Àwòrán ẹni tó lọ, ẹ má ya á. Ẹ má sì rán ọmọ ní iṣẹ́ èébú sí i, ẹ má sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí ní kóòtù ilé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nílé, àwọn àbúrò yín ń wo ojú yín ju bí ẹ ti mọ̀ lọ. Ẹ lè jẹ́ Umm Ayman fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́ láti sunkún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀yin ti di bàbá ilé lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá.

Bí ẹni tó lọ bá padà ńkọ́? Òmíràn a padà. Ẹ má retí pé ọmọ yóò fò mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Àjàyí ará Ọ̀ṣoògùn dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó sì ti di àlùfáà. Àfàlá gbọ́ pé ọmọ òun wà láyé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n pàdé, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ogun ti yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ kò tètè jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Wọ́n jókòó, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wo ara wọn lójú.